Ẹ̀kọ́ Ọgbà Màlúù fún Àwọn Ọ̀dọ́ Wa

Ẹni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì kọjá yóò ti gbọ́ orúkọ Ọjà Àlàbá ní agbègbè Ọ̀jọ́. Òkìkí ọjà náà kàn káàkiri nítorí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ibòmíràn wà ní ìtòsí rẹ̀ tí àwọn ará Òkè Ọya sọ di ọjà ẹran àti ti ohun oko fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a sì mọ̀ sí Àlàbá Ràgó. Èdè Háúsá ni ràgó, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àgbò. Láti ìhà Sókótó títí dé etí òkun Èkó ju 700 kìlómítà lọ, láti irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ sì ni a ti ń kó ẹran tí a ń jẹ wá.

Ìbéèrè ẹni tí ó lọ ra ẹran kì í sábà ju ọ̀kan lọ: Èló ni? Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò bèèrè ohun tí ẹran náà jẹ kí ó tó sanra, tàbí àrùn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù láti tọ́jú rẹ̀. Bí ó ti rí fún àgbò, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún màlúù. A mọ iye owó rẹ̀; àwa kò mọ òun fúnra rẹ̀.

Ìdí tí àwa fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ni èyí. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe òfin lórí dída ẹran káàkiri ní 2016; Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2019; ní oṣù September 2021 ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka dída màlúù káàkiri ní gbangba léèwọ̀. Ní 2024 ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn ẹran ọ̀sìn nìkan. Ohun tí gbogbo èyí ń sọ ni pé inú ọgbà ni kí a ti máa sin màlúù. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ta sílẹ̀ láàrin àgbẹ̀ àti darandaran ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n òfin lè ti ọ̀nà oko mọ́ màlúù. Òfin kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń bọ́ ọ. Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ inú ọgbà náà, níbo ni yóò sì ti kọ́ ọ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọgbà màlúù kò ju wáyà àti òpó lọ. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Màlúù tí ó bá wọn 300 kílò lè jẹ tó 30 kílò koríko tútù lóòjọ́, ó sì lè mu omi tí ó tó 40 lítà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Darandaran a máa fi ẹsẹ̀ wá ìwọ̀nyí kiri. Ọlọ́gbà ní láti pèsè wọn sí ojú kan. Nítorí náà a máa ń pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Bí ẹran bá jẹ nínú ìpín kan fún ọjọ́ díẹ̀, a ó kó wọn lọ sí òmíràn, kí koríko ti àkọ́kọ́ lè tún hù, kí àwọn kòkòrò inú ìgbẹ́ wọn má sì padà wọ inú wọn. Nígbà òjò, tí eèsún àti àwọn koríko mìíràn pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, ọlọ́gbọ́n a gé díẹ̀, a sá a gbẹ, a sì tò ó pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀.

Ọ̀ràn àrùn tún wà. Àwọn àgbà a máa wí pé màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Ṣùgbọ́n eṣinṣin kan wà tí ìrù kò lè lé tán: èyí tí a ń pè ní tsetse, tí ń gbé inú igbó àti létí odò, tí ń fi ẹnu rẹ̀ gbé kòkòrò àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, tí ẹran a sì máa rù títí yóò fi kú. Màlúù funfun oníwo gígùn ti àwọn Fúlàní kò lè farada àrùn yìí dáradára. Mùtúrù, màlúù kékeré aláìníké tí a ti ń sìn ní ilẹ̀ igbó láti ìgbà láéláé, lè farada á. Bẹ́ẹ̀ ni N'Dama tí ó ti ìhà ilẹ̀ Gíní wá. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fi gbogbo owó rẹ̀ ra màlúù ńlá, kí ó sì sin ín kí ọdún tó yípo.

Báwo wá ni ọ̀dọ́ ṣe lè kọ́ iṣẹ́ yìí? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọmọ Fúlàní. Nígbà tí ó ṣì kéré, àwọn ọmọ màlúù tí ó wà nítòsí gàá ni a ń fi sí abẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Bí ó ti ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi kún ẹrù rẹ̀. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹran rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ èyí tí kò jẹun dáradára kí oòrùn tó là.

Ní òkè òkun, olùkọ́ kan ni ó rí ọ̀nà tí a lè gbà fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kún ti ìwé. Orúkọ rẹ̀ ni A. B. Graham, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù January 1902 ó kó àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin jọ ní ìlú Springfield, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àgbàdo àti ewébẹ̀, wọ́n ń yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Láti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni 4-H ti jáde, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ohun mẹ́rin: orí, ọkàn, ọwọ́ àti ìlera. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1914 mú kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ràn wọ́n lọ́wọ́.

Lára iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí ni sísin ọmọ màlúù. A kì í kó agbo ẹran lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ màlúù kan ni a ń fún un, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Òun ni yóò máa bọ́ ọ, tí yóò máa fún un ní omi, tí yóò sì kọ́ ọ láti tẹ̀lé okùn. Gbogbo owó oúnjẹ àti ti oògùn ni yóò kọ sílẹ̀. Yóò fi okùn ìwọ̀n yí àyà ẹran náà ká láti mọ bí ó ti ń dàgbà sí. Ní òpin rẹ̀ yóò mú un lọ sí ibi àfihàn, àwọn onímọ̀ yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá tà á, ìwé rẹ̀ ni yóò sọ fún un bóyá ó jèrè tàbí ó pàdánù.

Ilẹ̀ tiwa náà kò jókòó lásán. Ní nǹkan bí 1959 sí 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í dá abúlé àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́, ní àwòkọ́ṣe àwọn abúlé àgbẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ète náà dára, owó tí a ná sí i sì pọ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Gbèsè wà lọ́rùn wọn, èso igi tí wọ́n gbìn kò sì tètè dé. Ní ojú tiwa, ìdí mìíràn tún wà: ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ pé ìwé ni ọ̀nà àti sá fún oko, ọdún méjì péré kò tó láti yí ọkàn rẹ̀ padà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ó dùn mọ́ wa pé ilé ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn ti gbé ètò kan tí a ń pè ní STEP lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí àwọn ọmọ lè tètè mọ iṣẹ́ àti òwò àgbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ní àdúgbò kan náà tí ìjọba dá ọgbà ẹran ọ̀sìn sí. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ọgbà ẹran bá ti di aládùúgbò báyìí, kí ni ó kù bí kò ṣe kí a ṣí ẹnu ọ̀nà tí ó wà láàrin wọn?

Ẹnìkan yóò wí pé, Ilẹ̀ dà? Ní Ìbà àti Òkòkòmáíkò, ilé ti fún mọ́ ilé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní àyè fún màlúù lè ní àyè fún àgbò kan, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àti ti ìwé àkọsílẹ̀ kan náà sì ni. Kí a mú àwọn ọmọ lọ sí ọjà ẹran, kì í ṣe láti rajà, bí kò ṣe láti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ríi pé màlúù kò ní eyín iwájú ní òkè, àti pé eyín ìsàlẹ̀ ni a fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Kí wọ́n wo bí ó ti ń jẹ àpọ̀jẹ. Kí a pe dókítà ẹran wá sí kíláàsì. Kí a sì pe darandaran wá pẹ̀lú, kí a fi àga fún un, kí ó jókòó gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó jẹ wá lọ́kàn jù. Àwọn ọmọ wa kan ń dàgbà tí wọ́n mọ màlúù nínú ọbẹ̀ nìkan. Àwọn ọmọ mìíràn ń dàgbà nínú gàá tí wọn kò mọ ìwé. Bí àwọn méjèèjì kò bá pàdé níbì kankan àfi ní ojú oko tí ẹran ti jẹ, ìjà ni wọn yóò máa bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jọ di okùn ọmọ màlúù kan mú nígbà èwe, tí ọ̀kan ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí èkejì sì ń kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀nà àlàáfíà ti là. Àwa tí a ó di olùkọ́ lọ́la ni iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹran kan.