Alẹ́ Mẹ́ta Nínú Ahéré: Ìsinmi Tí Apá Gbogbo Ìdílé Ká

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti pa ní oṣù Kejìlá, tí ọyẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, ọ̀pọ̀ baba àti ìyá ni ń ronú ibi tí wọn yóò mú àwọn ọmọ wọn lọ. Owó ọkọ̀ wọ́n, ilé àlejò sì ń gba owó tí ó lè bọ́ ìdílé fún ọjọ́ pípẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìsinmi ni ó ń béèrè owó púpọ̀. Ibì kan wà tí kò jìnnà, tí ẹnikẹ́ni kì yóò gba owó oorun lọ́wọ́ wa níbẹ̀: ahéré oko àwọn baba wa.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì. Ní ayé àtijọ́, ilé méjì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní: ilé ní ìlú, ahéré ní oko. Ẹni tí ó ní oko etílé a máa lọ ní òwúrọ̀, a sì bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní oko ẹgàn, ibẹ̀ ni ó ń sùn, tí yóò sì padà wá sí ilé fún ọdún, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Àwọn ọmọ a máa bá a lọ. Ẹ̀yin tí ń ka Bíbélì yóò rántí Àjọ Àgọ́ inú ìwé Léfítíkù pẹ̀lú: ọjọ́ méje ni Ísírẹ́lì ń gbé inú àgọ́, kí ìran tí ń bọ̀ lè mọ ọ̀nà tí àwọn baba wọn gbà.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú ni a ti tọ́ èmi àti àbúrò mi dàgbà, a kì í sì í dé oko ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tí baba wa kú, ẹnì kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà wí pé igi ọ̀pẹ mẹ́rìnlá tí ó wà ní ìhà odò, ti òun ni. Àwọn àgbà abúlé ní kí a wá fi ààlà baba wa hàn. A dé oko, a wo ọ̀tún, a wo òsì. A kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pẹ náà bọ́ lọ́wọ́ wa ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Títí di òní n kò lè sọ bóyá ẹni náà purọ́ tàbí òtítọ́ ni ó sọ, èyí ni ó sì dùn mí jù. Ní ọyẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, mo kó aya mi àti ọmọ mẹ́ta, a lọ sùn ní ahéré fún alẹ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, a kò pa ọdún kan jẹ.

Ìmúra Sílẹ̀

Ìgbà ọyẹ́ ni ó dára jù. Òjò ti dá, ọ̀nà ti gbẹ, ẹ̀fọn sì dínkù. Ẹ wo òṣùpá nínú àlímánákì yìí, kí ẹ yan ọ̀sẹ̀ tí yóò mọ́lẹ̀ ní alẹ́. Ẹni tí ó bá lọ ní Ọjọ́rú lè padà ní Sátidé, kí ó má baà pa ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí baba lọ tún òrùlé ṣe, kí ó ro àyíká ahéré mọ́, kí ó sì wo àjà dáradára nítorí agbọ́n àti ejò. Kí ó lọ kí baálẹ̀ abúlé, kí ó sì sọ fún un pé òun ń kó ìdílé bọ̀. Ní ayé ìsinsìnyí, ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọ̀nà kan kò rọrùn, kí ó má ṣe gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sùn sí igbó tí àwọn ará ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ẹrù kò pọ̀: ẹní, aṣọ ìbora tí ó nípọn nítorí òtútù òru, àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí, ìkòkò kan, àdá, tọ́ọ̀ṣì, ìṣáná, ọṣẹ, iyọ̀, epo pupa, àti gààrí nínú ike olómọrí. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bẹ ní oko. Ẹ̀sun iṣu pẹ̀lú epo pupa, ní ẹ̀bá iná, ní òwúrọ̀ ọyẹ́: ọmọ tí ó bá jẹ ẹ́ kì í gbàgbé.

Ohun Tí A Ó Ṣe

Ní ọjọ́ kìíní, kí àwọn ọmọ ṣẹ́gi, kí wọ́n pọnmi, kí wọ́n sì to ààrò. Ní ọjọ́ kejì, kí baba mú wọn yí ààlà ká. Kí ó fi igi pèrègún tí a gbìn hàn wọ́n, àti òkìtì ọ̀gán, àti odò. Kí ó dárúkọ ẹni tí ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì lọ kí i. Ní ọjọ́ kẹta, kí àwọn ọmọ ṣáájú, kí baba tẹ̀ lé wọn. Kí a má ṣe fi ọmọbìnrin sílẹ̀ ní ìdí ààrò. Òun pẹ̀lú ni ọmọ baba rẹ̀, ogún sì tọ́ sí i.

Níbi tí kòkó bá wà, àkókò ìkórè rẹ̀ ni. Kí àwọn ọmọ rí bí a ti ń fọ́ èso rẹ̀, tí a sì ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo wóró rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí a tó sá a sí oòrùn. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ kan òkìtì tí ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta, wọn yóò rò pé iná wà lábẹ́ rẹ̀.

Alẹ́ ni ti àlọ́, àti ti ojú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀ ìlú kì í jẹ́ kí ọmọ rí ìràwọ̀ dáradára. Bí Àgùàlà bá yọ, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ajá òṣùpá, kí a sọ fún wọn pé kì í ṣe ajá òṣùpá rárá. Ayé mìíràn ni, tí ń yí oòrùn po bí ayé tiwa.

Ìmọ̀ràn Fún Ìlera

1. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri, òru ni ó sì ń jẹni jù. Kí gbogbo ọmọ sùn sábẹ́ àwọ̀n, bí ẹ̀fọn tilẹ̀ dínkù.

2. Kí omi mímu hó fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí a sì dé e. Kí àwọn ọmọ má ṣe wẹ̀ nínú omi adágún, nítorí àtọ̀sí ajá. Ara ìgbín kéékèèké inú omi ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde.

3. Kí ihò ìgbẹ́ jìnnà sí odò ní 30 mítà ó kéré tán, kí a sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

4. Kí a dé oúnjẹ mọ́ eku. Eku ni ó ń kó ibà Lassa ranni, àrùn tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Bọ̀rnó ní 1969.

5. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, kí a má ṣe sín ojú ibẹ̀, kí a má fi ẹnu fà á, kí a má sì so ó le. Kí a fi igi tì í kí ó má baà mì, kí a sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

6. Kí a má ṣe gbé ẹ̀yinná sùn nínú ahéré tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tí a kò lè fi ojú rí a máa pa ènìyàn lójú oorun. Kí a da omi sí iná ìta kí a tó sùn. Koríko ọyẹ́ kò fẹ́ ju ẹta iná kan lọ.

Ẹni tí kò ní oko lè bá ọ̀rẹ́ tí ó ní lọ, tàbí kí ó mú àwọn ọmọ lọ sí ibi ìtàn tí ó súnmọ́ wọn, kí wọ́n sì padà ní ọjọ́ kan náà. Ní Abẹ́òkúta, wọn yóò rí ihò àpáta Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní 1830. Ibùsùn àwọn baba ni ìyẹn pẹ̀lú.

Ní ọyẹ́ tí ó kọjá, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún méje, ni ó ṣáájú wa yí ààlà ká. Ó ka pèrègún mọ́kànlélógún, ó sì dúró ní ìdí èyí tí ó kẹ́yìn, ó ní, "Bàámi, ibí ni tiwa parí sí." Mo wo ọ̀pẹ mẹ́rìnlá tí ó wà ní òdìkejì, n kò sì fọhùn.

Ẹ̀yin òbí, ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀. Ẹ lọ tún ahéré yín ṣe.