Ẹ má yọ gílóòbù inú dáṣíbọ́ọ̀dù o! Ọ̀rọ̀ ni mọ́tò ń bá yín sọ

Ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ báyìí o, ẹ̀yin onímọ́tò Abẹ́òkúta àti gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá! Láti Láfẹ́nwá títí dé Ọbántokò, tòkúnbọ̀ ti gba ìgboro kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wà á ni kò mọ ìtumọ̀ àwọn iná wẹ́wẹ́ tó ń tàn níwájú wọn. Bí iná bá yọjú, àwọn kan á ní wáyà ló ń purọ́. Àwọn kan á lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ sọ fún réwáyà pé kó kúkú yọ gílóòbù rẹ̀ dànù, kí ojú àwọn lè sinmi. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó yọ gílóòbù kò wo àìsàn kankan sàn, ẹnu aláìsàn ló dì.

Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí wọ́n ṣe rò ó. Àjọ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO ti fi ìlànà sílẹ̀ fún àwọn àwòrán yìí, èyí ló fà á tí mọ́tò Jàpáànù, ti Jámánì àti ti Amẹ́ríkà fi ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bákan náà. Àwọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá pupa, ewu ni, ẹ wá ibi tó dáa kẹ́ ẹ dúró. Bó bá jẹ́ yẹ́lò, ẹ ṣì lè rọra lọ, ṣùgbọ́n ẹ tètè dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Gíríìnì àti búlúù kò ní wàhálà, wọ́n kàn ń sọ pé nǹkan kan wà ní títàn ni, bíi iná gíga tẹ́ ẹ tàn lálẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn pupa. Èyí tó dà bíi búútà tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń sọ. Ohun tó ń wí ni pé ọ́ìlì kò fi agbára dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀! Ẹni tó bá ní kóun kọ́kọ́ dé Ṣágámù ná, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè nọ́ọ̀kì kó tó débẹ̀. Àìsàn la rí wò, a ò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Èyí tó dà bí ọ̀pá tí wọ́n kì bọ omi, ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù nìyẹn, ẹ má sì ṣí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì ń hó o. Àpótí tó ní àmì ìròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ bátìrì fúnra rẹ̀. Ọ́tánétọ̀ ni kò gbé iná wá mọ́, ó sì lè jẹ́ pé fánbẹ́ẹ̀tì ló já. Ti róbótó tó ní àmì ìyanu láàárín, háńbíréèkì tó wà lókè tàbí ọ́ìlì bíréèkì tó ti lọ sílẹ̀ ló ń wí.

Nínú àwọn yẹ́lò, èyí tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì ló gbajúmọ̀ jù. Bó bá tàn tó dúró, ẹ tètè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá wá ń ṣẹ́jú, ẹ dẹ eré sílẹ̀ kíá, nítorí ẹ́ńjìnnì ò jó epo dáadáa, ó sì lè ba agolo tó ń sẹ́ èéfín jẹ́, owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń ra ìyẹn.

Ó wá ku àwọn lẹ́tà tó ń da orí rú. ABS, tí Bosch àti Mercedes gbé jáde ní 1978, kì í jẹ́ kí táyà há bẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì gan-an, kí sitiárì lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń gbọ̀n rìrì lórí bíréèkì lásìkò náà, kò bàjẹ́ o, iṣẹ́ ló ń ṣe, ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò. Bí iná ABS nìkan bá tàn, bíréèkì lásán ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra lójú òjò. Bí pupa bíréèkì bá tàn pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má wà á rárá. ESP, tí Toyota ń pè ní VSC, ni mọ́tò tó fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ sẹ́yìn, kì í jẹ́ kí mọ́tò yọ̀ kúrò lọ́nà. SRS ni ti ẹni tó jókòó tí bọ́ọ̀lù wà níwájú rẹ̀: bó bá tàn tí kò kú, báàgì afẹ́fẹ́ lè má ṣí lọ́jọ́ ìjàm̀bá. TPMS ń sọ pé afẹ́fẹ́ táyà ti lọ sílẹ̀. HAC sì wúlò fún ìlú olókè bíi Abẹ́òkúta, òun ni kì í jẹ́ kí mọ́tò yí padà sẹ́yìn bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra lórí òkè.

Àwọn tuntun náà tún ń bọ̀. Láti oṣù keje 2024 ni àwọn orílẹ̀-èdè European Union ti sọ ọ́ di dandan kí mọ́tò tuntun ní AEB, tó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀, àti LKA, tó ń dá mọ́tò padà sójú ìlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìlà títì ni LKA ń wò. Níbi tí ọ̀dà ti pa rẹ́ tàbí tí ẹrẹ̀ bò ó, afọ́jú ni. Bí panẹ́bítà bá sì rẹ́ nǹkan bo ibi tí rédà wà níwájú mọ́tò, AEB náà lè má ríran mọ́. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe dírẹ́bà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ibí ni kẹ́ ẹ ti la etí! Ojú tí yóò bá ni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì ta ẹ́ńjìnnì. Búútà, bátìrì, ẹ́ńjìnnì, ABS àti SRS gbọ́dọ̀ tàn, bẹ́ ẹ bá sì ta á, kí wọ́n kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tí kò tàn rárá, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ibi tí gílóòbù wà. Àwọn kan tún gbọ́n jùyẹn lọ: wọ́n á so iná kan mọ́ òmíràn, kí méjèèjì máa tàn pọ̀, kí wọ́n sì máa kú pọ̀. Àwọn mìíràn á fi ẹ̀rọ pa ẹ̀sùn inú kọ̀ǹpútà mọ́tò rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ iná á tún yọjú. Nítorí náà, ẹ wà á jìnnà díẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò dání. Mọ́tò kékeré tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀, lábẹ́ sitiárì.

Ní 1988 ni ìjọba dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìjọba Ògùn náà ní TRACE tirẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí lè rí táyà tó ti dán àti iná ẹ̀yìn tó ti kú, ṣùgbọ́n tí ìkìlọ̀ inú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni tó wà nídìí sitiárì nìkan ló ń rí i. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Ààbọ̀ náà ni mọ́tò ń sọ yẹn, ẹ jẹ́ kó dénú yín kó di odindi.