Ta Ló Lè Dá Spa Oníṣègùn Sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà?

Spa oníṣègùn ni ilé tí iṣẹ́ oge àti iṣẹ́ dókítà ti pàdé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́ Botox kí ojú tó hunjọ lè tẹ́jú, tí wọ́n ń fi lésà pa irun ara, tí wọ́n sì ń fa omi tó ní fítámì síni lára. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA ló ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ẹni tó lè ni ilé náà àti ẹni tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní California, ó kéré tán, ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ ti dókítà. Nọ́ọ̀sì àtàwọn oníṣẹ́ ìlera mìíràn tó níwèé àṣẹ lè pín ìyókù. Oníṣòwò lásán kò ní ìpín kankan. New York le jù bẹ́ẹ̀ lọ: dókítà nìkan ló lè ni ilé-iṣẹ́ dókítà. Ìdí òfin yìí ni pé kí èrè má baà máa pàṣẹ fún ìtọ́jú. Florida ní tirẹ̀ kò ní irú èèwọ̀ gbogbogbòò bẹ́ẹ̀.

Oníṣòwò tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ náà lọ́nà tó tọ́ máa ń dá ilé-iṣẹ́ alábòójútó sílẹ̀. Òun ló ń pèsè ilé àti ẹ̀rọ, tó sì ń polówó ọjà. Ìtọ́jú aláìsàn kù sọ́wọ́ dókítà. Dókítà á máa sanwó iṣẹ́ yìí fún ilé-iṣẹ́ náà, àmọ́ New York kò gbà kí owó náà jẹ́ ìdá kan nínú iye tó wọlé.

Ní ti òṣìṣẹ́, àyẹ̀wò oníbàárà ló ń ṣáájú. Dókítà, igbákejì rẹ̀ tó níwèé àṣẹ, tàbí nọ́ọ̀sì àgbà tó lè kọ oògùn ló máa ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì lè gún abẹ́rẹ́ náà bí wọ́n ṣe pàṣẹ. Aṣaralóge ní California kò gbọdọ̀ gún Botox tàbí lo lésà, bí dókítà tilẹ̀ dúró tì í. Texas ní ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ fún fífi lésà pa irun, ó sì ṣòfin ní 2025 tó sọ ẹni tó lè fa omi síni lára.

Àìbìkítà fún irú òfin báyìí léwu. Ní New Mexico, wọ́n ti spa kan tí kò níwèé àṣẹ pa ní 2018. CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, sì jábọ̀ ní 2024 pé àwọn oníbàárà kan kó kòkòrò HIV níbẹ̀.

Ìjìyà kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó nilé nìkan. Ní California, dókítà tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bá spa tí wọ́n dá sílẹ̀ lòdì sófin ṣiṣẹ́ lè pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀.