Ogun Àgídìǹgbì: Ọkọ̀ kékeré ló gba Èkó

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá ogun tó jà l'Ékòó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 mu. Ìró ìbọn àgbá ni àwọn ará Èkó fi sọ ogun náà ní Àgídìǹgbì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ńláńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣẹ́gun. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ni.

Òkun fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ Èkó nígbà náà. Yanrìn abẹ́ omi tó wà níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ìta ni irú wọn ń dúró sí.

Ní 1845, Kòsọ́kọ́ gba oyè lọ́wọ́ Akítóyè. Akítóyè wá ìrànlọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ní òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbà fún un. Lóòótọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí òwò ẹrú dópin, ṣùgbọ́n ojú wọn wà lára epo pupa pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1851, wọ́n kó ọkọ̀ wá, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, wọ́n tún dé. Lára ọkọ̀ wọn ni Bloodhound àti Teazer, ọkọ̀ ẹlẹ́rọ tí kì í rì wọnú omi púpọ̀. Síbẹ̀, Teazer fàyà gúnlẹ̀ sórí yanrìn, ìbọn àgbá Kòsọ́kọ́ sì dojú kọ ọ́. Ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ̀ kalẹ̀ láti lọ pa ìbọn náà lẹ́nu mọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣòfò. Nǹkan bí 15 ló kú nínú wọn lógun náà, àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní 70. A kò rí ẹni tó ka òkú àwọn ọmọ Èkó.

Ní ọjọ́ kejì, iná ọwọ́ wọn ran ẹ̀tù ìbọn tó wà nínú ìlú, ilé sì ń jó. Kòsọ́kọ́ sá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ, Ẹ̀pẹ́ ló padà fi ṣe ibùdó.

Akítóyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852. Nígbà tó di 1861, wọn kò tilẹ̀ yìnbọn mọ́. Ọkọ̀ ogun Prometheus kàn dúró lórí omi Èkó ni, Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, sì tọwọ́ bọ ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré là lọ́jọ́ náà, ó di 1960 kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á jáde.