Tírọ́ọ̀kì Tó Kú Lójijì Lórí Òkè

Ṣé ẹ mọ ṣájà yẹn tó jẹ́ pé àfi kéèyàn tẹ wáyà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí fóònù tó gbà á? Ẹ fi í sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Rẹwáyà ni ẹ̀gbọ́n mi kan. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn tírọ́ọ̀kì ńláńlá ní kúárì kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ lé e lọ, ọ̀kan ti kú sórí òkè tòun ti òkúta tó kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni o, torí bí ẹ́ńjìnnì bá kú, sítíárìn náà á le.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì ni." Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Volt 24 ni tírọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ ń lò, bátìrì méjì onívolt 12 ni wọ́n so pọ̀. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n: 25.2. Ó kún dáadáa! Ó wá fi ẹnu mítà kan sí négétífù bátìrì, ó fi ìkejì sára irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí awakọ̀ sítáàtì. Mítà fò dé volt 4. Kò yẹ kó kọjá ìdajì volt kan.

Iná tó bá jáde nínú bátìrì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà síbẹ̀, wáyà ááàtì ló sì ń gbà padà. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà, ọ̀nà yẹn ló ń gbà. Gbígbọ̀n ọkọ̀ ti tú bóòtù rẹ̀, eruku àti omi ti jẹ́ kó dípẹtà. Ṣájà yín nìyẹn, àmọ́ tọ́ọ̀nù rẹpẹtẹ ló wà lẹ́yìn tiẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe sáfíìsì ló yẹ kí wọ́n tú bóòtù yẹn, kí wọ́n ha irin rẹ̀ títí yóò fi dán, kí wọ́n dè é le, kí wọ́n wá fi gíríìsì bò ó. Kí wọ́n wo ibi tí wáyà ti ń ha irin. Kí wọ́n má da omi alágbára sí ojú ìsopọ̀ wáyà. Bí wẹ́dà bá sì fẹ́ jó irin lára ọkọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ bátìrì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná rẹ̀ lè gba inú kọ̀ǹpútà kọjá. Èyí tó ń bí i nínú jù ni àwọn tó ń fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì. Iná ni wọ́n ń dá sílẹ̀ yẹn.

Ogún ìṣẹ́jú, tírọ́ọ̀kì dáhùn. Láti àárọ̀ ni awakọ̀ ti wà nínú oòrùn.

Èmi náà ti ra ṣájà tuntun.