Ọ̀nà Ilé Láti Ọsibítù

Bọ́ọ̀sì wa kò tíì dúró tán ní Ìkirè tí àwọn ọlọ́dòdò fi na ọjà wọn sí ojú fèrèsé. Dòdò Ìkirè dúdú, ó kéré, ata rẹ̀ ń jà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ ju èyí tí ẹlòmíì lè dín lọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Èrò Ìbàdàn ń rà, èrò Ifẹ̀ ń rà, torí àárín ìlú méjèèjì ni Ìkirè wà, létí títì. Ìyẹn ló mú mi sọ̀ níbẹ̀. Ọsibítù UCH wà lápá kan ní Ìbàdàn, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lápá kejì ní Ifẹ̀. Bí ará ibí bá gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀, tí ọ̀ràn náà sì kọjá agbára ọsibítù ìtòsí, irú ibẹ̀ ni wọn ó sáré gbé e lọ. Bó bá yè é, títì yìí ló máa gbà bọ̀ wálé. Ìrìn tó kù fún un lẹ́yìn tó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ni mo fẹ́ rìn.

Oògùn wà nínú báàgì rẹ̀, pẹ̀lú káàdì tí wọ́n kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sí. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ nìkan tó láti mú kí ẹbí sọ pé, "Ara rẹ̀ ṣáà ti yá." Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọsibítù wà lára ìgbà tí ewu pọ̀ jù. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó yè é kì í kú irú ikú bẹ́ẹ̀ mọ́, àmọ́ àkókò yẹn gba ìṣọ́ra.

Mo kọjá níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù àti àwọn àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. A máa ń ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi ò fẹ́ràn òwe yẹn mọ́, pàápàá lẹ́nu ẹni tí ẹ̀sín ò bá rí. Ẹni tó ti ọsibítù bọ̀ ti rí ojú ikú. Ẹ̀sín ló wá kù: aládùúgbò tó ń wò ó lẹ́yìn, ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé, pásítọ̀ tó fẹ́ kó wá jẹ́rìí níwájú ìjọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó ní ọgbà ní Ìkirè, lè má tilẹ̀ ní ẹbí nítòsí. Yàrá tó háyà ló ń padà sí, òun nìkan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dán nǹkan kan wò lórí àwọn tó gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara wọn, 1,867 wọn, ní Brazil, India, Sri Lanka, Iran àti China. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n tọ́jú apá kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n bá apá kejì sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan kí wọ́n tó lọ sílé, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò tàbí kí wọ́n pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láàárín oṣù 18: ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹrin, ìkeje, ìkọkànlá, lẹ́yìn náà oṣù kẹrin, ìkẹfà, ìkejìlá, ìkejìdínlógún. Ní apá àkọ́kọ́, bíi 22 nínú 1,000 ló padà gbẹ̀mí ara wọn. Ní apá kejì, bíi 2. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá níbẹ̀. Ẹnìkan ṣáà ń padà wá béèrè ni.

Ọlọ́kadà kan gbé mi dé ìlú Àpòmù nítòsí. Ara ògiri ni mo ń wò. Àmì ṣọ́ọ̀kì tí àwọn alájẹsára rọpárọsẹ̀ ń kọ sí ẹnu ọ̀nà ṣì hàn lára àwọn ilé kan. Ìjọba mọ ojúlé wọ̀nyí, òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ti kan ilẹ̀kùn wọn rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn sì ti fi hàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ ní Ọ̀ṣun, pé òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́dé lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Èèyàn wà, ọ̀nà wà. Ìwé tí wọn ó kọ ọjọ́ ìbẹ̀wò mẹ́sàn-án sí ni ó yẹ ká béèrè.

Kí ni òṣìṣẹ́ ìlera tó bá lọ ṣe ìbẹ̀wò máa sọ? "Ẹ kú ilé o, Mọ̀ọ́mì. Mo ní kí n yà kí yín ni." Bó bá ku òun àti ẹni tó ti ọsibítù bọ̀: "Ṣé èrò ọjọ́ yẹn ṣì ń wá sí yín lọ́kàn?" Ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé ìbéèrè yẹn á fi èrò síni lọ́kàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tún bá ẹbí sọ̀rọ̀ nípa oògùn apakòkòrò: agbègbè kòkó nìyí, kò yẹ kó wà nínú ilé rárá láàárín oṣù wọ̀nyẹn.

Òfin ni ò jẹ́ kí ẹbí tètè ṣílẹ̀kùn. Abala 327 nínú ìwé òfin ọ̀daràn ṣì ka ìgbìyànjú náà sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún kan; àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé e wá fún wa ti pa tiwọn rẹ́ láti 1961. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2023 kò yọ ọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀wò yìí ní Àpòmù, kí nọ́ọ̀sì má wọ aṣọ funfun. Kó wọ ańkárá, kó ra nǹkan lọ́wọ́ ìyá aláta tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó tó wọlé.