Ìsinmi Ìgbà Ìrúwé Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Kéékèèké: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ará Stretford Mọ̀ Kí Ó Tó Sanwó

Ní abala ọ̀rọ̀-ajé yìí, ọ̀rọ̀ owó ilé, owó orí àti owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé ni a sábà máa ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìsinmi ni a gbé wá, nítorí pé owó wà nínú rẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ. Bí aago bá ti lọ síwájú ní Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, tí ilẹ̀ kò tètè ṣú mọ́, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé níbo ni à ń lọ. Òbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá èsì nígbà náà yóò san ju ẹni tó ti múra láti oṣù kọkànlá.

Ìlú tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ni Castleton, ní Derbyshire. Ìlú kékeré ni, abúlé ni àwọn Òyìnbó fúnra wọn ń pè é, ṣùgbọ́n òkè, odò, ihò àpáta àti ilé-odi àtijọ́ ló yí i ká. Inú Peak District ló wà, èyí tí ìjọba sọ di National Park ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1951, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Stretford kò ní lò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ti gbé ibí fún ọdún mẹ́wàá láì débẹ̀ rí. Àwọn kan ní Òyìnbó ló ń gun òkè. Ta ló wá ń gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta? Ta ló ń gun àtẹ̀gùn Ìdànrè tó lé ní 600?

Òkè tí à ń sọ yìí pàápàá kò ṣàdédé di ti gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Manchester, gba Hayfield gun òkè Kinder Scout, nígbà tí àwọn onílẹ̀ ti fi í ṣe ibi ìṣọdẹ ẹyẹ tiwọn. Márùn-ún nínú wọn ló ṣẹ̀wọ̀n. Aṣáájú wọn kan, Benny Rothman, ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà ní Metropolitan-Vickers ní Trafford Park, ẹ̀gbẹ́ ilé wa níhìn-ín. Ará Stretford kì í ṣe àlejò lórí òkè náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìtanràn, nítorí òun ló ń ba ìṣirò ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Ilé àlejò máa ń wọ́n nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, nítorí náà àwọn òbí kan á yọ ọmọ kúrò ní kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀lé e. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, òfin ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀kan ṣoṣo ní gbogbo England. Bí ọmọ bá pàdánù ìjókòó mẹ́wàá, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún, láìgba àṣẹ, láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ dé ibi tí káńsù ti lè kọ ìwé ìtanràn. £80 ni bí ẹ bá san án láàrin ọjọ́ 21. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀, £160 ni, títí di ọjọ́ 28. Òbí kọ̀ọ̀kan ló ń san tirẹ̀, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: bàbá àti ìyá, ọmọ méjì, £320 ni bí ẹ bá tètè san án, £640 ni bí ẹ bá fi falẹ̀. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lórí ọmọ kan náà láàrin ọdún mẹ́ta, £160 ni lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹ̀dínwó kankan. Ẹ̀ẹ̀kẹta kúrò ní ọ̀rọ̀ ìwé ìtanràn, ó lè di ti ilé-ẹjọ́. Ẹ̀dínwó ilé àlejò wo ló tó £320?

Ṣùgbọ́n òfin yìí kò tíì mú ọmọ tí kò tó ọjọ́ orí ilé-ìwé. Tọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá pé ọdún márùn-ún ni ó di dandan fún un. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì jẹ́ ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí kò sì ní ẹ̀gbọ́n ní ilé-ìwé, kí ló dé tí ẹ̀ ń bá èrò jà ní Easter? Ẹ lọ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ padà ní Ọjọ́bọ̀, ní àárín oṣù karùn-ún, nígbà tí ilé àlejò ń wá oníbàárà, tí ojú ọ̀nà sì ti ń gbẹ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti wà ní kíláàsì, ọ̀sẹ̀ Easter, Bank Holiday Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún, àti ọ̀sẹ̀ ìsinmi ìparí oṣù karùn-ún ni tiyín. Ẹ rántí pé Easter lè bọ́ sí ọjọ́ èyíkéyìí láti 22 oṣù kẹta títí di 25 oṣù kẹrin; òtútù ti méjèèjì kò dọ́gba rárá. Káńsù Trafford máa ń gbé ọjọ́ ìsinmi jáde, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ìwé kan ń yan tiwọn, nítorí náà ọwọ́ ilé-ìwé ọmọ yín gan-an ni kí ẹ ti gbà á.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ náà ńkọ́? Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 5.6 pẹ̀lú owó lọ́dún, ìyẹn ọjọ́ 28 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, Bank Holiday sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú láìní wákàtí tó dájú náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín. Bí ìwé àdéhùn iṣẹ́ kò bá sọ ohun mìíràn, ọjọ́ tí ẹ ó fi sọ fún ọ̀gá ṣáájú gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù àti ní ilé àwọn arúgbó, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá tètè kọ orúkọ sílẹ̀ ló ń rí Easter gbà.

Ní ti owó, àjọ dára fún irú nǹkan báyìí. £20 lọ́sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, fún ọ̀sẹ̀ 20, £400 ti pé kí oṣù kẹta tó parí. Ẹ bẹ olórí àjọ kí ó fi yín sí oṣù kìíní, nítorí ilé àlejò ń gba owó ṣáájú. Kí ẹ sì ṣọ́ra. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń jí àwòrán ilé ẹlẹ́wà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì báńkì. Bí ẹ bá débẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù, onílé kò mọ̀ yín rí. Bí ohun tí ẹ̀ ń rà bá lé ní £100, tí kò sì ju £30,000, ẹ fi káàdì gbèsè, ìyẹn credit card, san án fún onílé fúnra rẹ̀. Òfin Consumer Credit Act ti 1974 mú kí ilé-iṣẹ́ káàdì náà jẹ́ alájọdáhùn bí ẹni tí ẹ sanwó fún kò bá ṣe ohun tó ṣèlérí. Káàdì tó ń yọ owó láti inú àkáǹtì yín kò ní ààbò òfin yìí. YHA ní ilé ńlá kan nítòsí Castleton, Losehill Hall, níbi tí ìdílé ti lè gba yàrá tiwọn láìbá àjèjì sùn pọ̀.

Ẹni tí kò ní mọ́tò lè wọ Metrolink láti Stretford dé Piccadilly, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Hope Valley lọ sí Sheffield, kí ó sọ̀ ní Hope, kí ó sì wá bọ́ọ̀sì lọ sí Castleton. Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì dáadáa, pàápàá ti Ọjọ́ Àìkú. Ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún kò san owó ọkọ̀ ojú irin. Family & Friends Railcard, tí wọ́n gbé owó rẹ̀ sí £35 ní 2025, ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó àgbà, ó sì ń yọ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ti ọmọ, fún àgbà mẹ́rin àti ọmọ mẹ́rin. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó ní tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ ní bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé fún un kí ẹ̀dínwó àwọn àgbà lè ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ á ṣì dín.

Ẹni tó ń wa mọ́tò, ọ̀nà Winnats Pass ga gan-an, ẹ yẹ bíréèkì wò. Ní Bank Holiday, ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní rí ibi páàkì. Àṣà wa kan ló yẹ kí a fọwọ́ mú: kíkó ọmọ ìdílé méjì sínú mọ́tò kan. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà lórí àga ọmọdé títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ntímítà 135. Ìtanràn rẹ̀ lè tó £500, èyí kò sì tíì kan ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí bíréèkì bá já ní Winnats.

Bí ẹ bá débẹ̀ tán, ẹ má ṣe to nǹkan púpọ̀ jọ. Ohun méjì lójúmọ́ tó fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Peak Cavern ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn kéékèèké, nítorí ẹnu ihò náà gbòòrò gan-an, àwọn tó ń ṣe okùn sì ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ní Speedwell, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń wo ihò náà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tó lé ní 100 ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó sì tún un gùn padà, bóyá pẹ̀lú ọmọ tó ti sùn léjìká yín. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣí. Òkè Mam Tor ga ní mítà 517. Láti ibi páàkì National Trust tó wà nísàlẹ̀ ṣóńṣó rẹ̀, òkúta ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀, kò jìnnà, ọmọ ọdún mẹ́fà lè gùn ún. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò wúlò níbẹ̀. Ọ̀já ni. Ẹ pọn ọmọ bí ìyá wa ti pọn wá, kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ṣófo. Ní ẹsẹ̀ òkè náà ni ọ̀nà mọ́tò àtijọ́ wà tí ilẹ̀ tó ń yọ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ìjọba sì tì pa ní 1979. Ọmọ tí kò bìkítà fún ilé-odi Peveril yóò fi wákàtí kan wo ọ̀dà tó ya bí àkàrà yìí.

Orí òkè tutù ju Stretford lọ, atẹ́gùn sì ń fẹ́ gidigidi, àní nínú oṣù karùn-ún. Aṣọ òjò, fìlà, ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ mìíràn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Jọ̀lọ́ọ̀fù gbígbóná nínú fúláàsì àti mọ́ínmọ́ín nínú ike á dín owó tí ẹ ó ná ní ilé oúnjẹ kù. Ìgbà ìbímọ àgùntàn ni ìgbà ìrúwé: kí aboyún má ṣe sún mọ́ àgùntàn tó ń bímọ tàbí ọmọ rẹ̀, nítorí àìsàn tó lè ba oyún jẹ́, kí ọmọ tó bá fọwọ́ kan ẹran fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun. Ní alẹ́, ẹ wo ẹsẹ̀, abíyá àti ẹ̀yìn etí wọn bóyá eégbọn lẹ̀ mọ́ ọn. Fóònù kì í fi gbogbo ìgbà gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, ẹ ra máàpù OL1 ti Ordnance Survey. Bí ewu bá dé, 999 ni, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́, lẹ́yìn náà Mountain Rescue. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn.

Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ fi Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan dán àwọn ọmọ wò nílé. Ẹ gba etí Bridgewater Canal, tí wọ́n ṣí ní 1761 fún èédú Worsley, tàbí kí ẹ rìn lọ sí Sale Water Park, adágún tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí wọ́n ń wá òkúta wẹ́wẹ́ fún ọ̀nà mọ́tò tí à ń pè ní M60 lónìí. Ẹ lọ pẹ̀lú àpò, aṣọ òjò àti bàtà tí wọ́n máa wọ̀. Bí bàtà bá ha ẹsẹ̀, ẹ ó mọ̀ nígbà tí ilé kò jìnnà. Bí wọ́n bá lọ tí wọ́n sì bọ̀ láìsunkún, ẹ gba yàrá ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá sunkún, ẹ lọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún yìí, kí ẹ sì dúró sí etí odò nísàlẹ̀.